ÌMỌ̀ FÚN GBOGBO WA: Ta Ló Ń Bá Wa Gbé Yàrá?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà: ara ògiri yàrá tí púpọ̀ nínú wa ń sùn sí ló wà.

Nígbà òtútù tó kọjá, àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé ilé kan níhìn-ín ní England rí i pé igun yàrá kan ń dúdú. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi bílíìṣì nù ún. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tún fi padà. Nígbà tí a pe onílé, ó ní ọbẹ̀ tí a ń sè ló fà á. Díẹ̀ ló kù kí a gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò: mycobiome. Láti inú èdè Gíríìkì ni apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wá, olú sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe olú tí a fi ń sebẹ̀ nìkan o. Ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú, àti ohun tó ń hù sí búrẹ́dì náà lára nígbà tó bá bu, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Gbogbo àwọn ẹ̀yà ìdílé yìí tó bá jọ ń gbé ibùgbé kan, ìbáà ṣe inú ilẹ̀, ìbáà ṣe inú ìfun ènìyàn, ìbáà ṣe ara ògiri, àwọn ni mycobiome ibẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Tẹ́lẹ̀ rí, èyí tó bá gbà láti hù nínú àwo ìwádìí nìkan ni àwọn onímọ̀ ń rí kà. Lóde òní, DNA inú eruku tàbí erùpẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ àwọn tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí a mọ̀ nílé ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá dàgbà sóko mọ̀ pé ibi tí ikán bá wà ni olú ọ̀rán ti ń yọ nígbà òjò. Ikán gan-an ló ń dáko rẹ̀. Termitomyces ni àwọn onímọ̀ ń pe irú olú bẹ́ẹ̀. Ikán a kó ewé àti igi gbígbẹ wálé, olú a sọ ọ́ di ohun jíjẹ. Níwọ̀n ìgbà tí ikán bá ń tọ́jú oko yìí, olú mìíràn kì í ráyè. Ṣùgbọ́n bí ikán bá fi ilé sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Pseudoxylaria, tó ti lúgọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, a gba gbogbo oko. Àlejò kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ibùgbé ló yí padà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yàrá wa. Ní 2015, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde lórí eruku inú nǹkan bí ilé 1,200 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé láti ìta ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdílé olú inú ilé ti ń wọlé. Cladosporium, Penicillium àti Aspergillus wà lára àwọn tí a sábà máa ń bá nínú ilé. Bí kò bá sí omi, eruku lásán ni wọ́n. Bí ògiri bá tutù, wọ́n a hù. Bó bá rin gbingbin fún ìgbà pípẹ́, Stachybotrys dúdú náà lè dara pọ̀ mọ́ wọn. Bílíìṣì kò gbẹ omi inú ògiri. Ẹ pa ti òní, ti ọ̀la ń bọ̀.

Lóòótọ́, ooru ọbẹ̀ àti aṣọ tí a sá sínú yàrá ń fi omi kún afẹ́fẹ́. Ẹ máa dé ìkòkò, ẹ sì máa ṣí fèrèsé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba gbogbo ẹ̀bi. Ní December 2020, Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì tí àwọn òbí rẹ̀ ti Sudan wá, kú ní Rochdale. Ní November 2022, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ pé ohun tó hù sí ara ògiri ilé wọn, tí ọmọ náà ń mí símú fún ìgbà pípẹ́, ló fà á. Àwọn òbí náà ti fẹjọ́ sùn títí. Òfin tí a fi orúkọ ọmọ náà pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní October 27, 2025, fún ilé káńsù àti ti àwọn ẹgbẹ́ onílé. Ilé aládàáni ni púpọ̀ nínú wa ń gbé, ṣùgbọ́n òfin 2004 ti fún káńsù lágbára láti wá yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò.

Ní tiwa, a ya fọ́tò igun náà, a kọ ọjọ́ sí i, a kọ lẹ́tà sí onílé, a sì sọ fún un pé káńsù ló kàn. Ó rán kápẹ́ńtà wá. Páànù tó ń gba ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lókè igun náà ti fọ́, inú ògiri ni omi òjò ń dà sí. Wọ́n tún un ṣe, ògiri sì gbẹ. A ṣì ń se ọbẹ̀ wa.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ìlera wá ìwé.