Owó Ìfẹ̀yìntì Olùkọ́ Kì í Ṣe Sàárà



Tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bá pín ìwé bọ́ǹdì fún àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àwa aráàlú a máa dúpẹ́ bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Ọ̀pọ̀ ti dúró dè é fún ọdún púpọ̀, àwọn mìíràn sì kú kó tó kàn wọ́n. Gbèsè ni wọ́n san, wọn kò ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá náírà 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 kún un. Bọ́ǹdì jẹ́ owó iṣẹ́ tí olùkọ́ ti ṣe kí ètò àjọdá yìí tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìjọba kò bá ya á sọ́tọ̀ lóṣooṣù, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì á pé, àpótí á ṣófo.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí á san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Òógùn àwọn olùkọ́ wa ti gbẹ, irun wọn ti funfun.

Ìtàn sọ pé Sayyidina Umar rí arúgbó Júù kan tó ń ṣagbe. Ó ní kò tọ́ kí wọ́n jẹ agbára èwe rẹ̀, kí wọ́n wá pa á tì lọ́jọ́ ogbó. Ó sì ní kí ilé ìṣúra máa bọ́ ọ. Mélòó-mélòó wá ni ẹni tó kọ́ gómìnà àti kọmíṣọ́nnà ní a-b-d?

Ẹ̀yin àfáà wa, tí olóṣèlú bá wá gba àdúà, ẹ ṣe é fún un, kí ẹ sì rán an létí pé sàárà kì í san gbèsè. Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká lè dá àmáánà padà fún àwọn tó ni ín. Àmín.