Fọ́ǹtì Tí Kò Lè Kọ Ẹ̀pẹ́

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a máa wo orúkọ náà pẹ̀lú, kí a tó yan lẹ́tà tí a óò fi kọ ọ́.

Lóde òní, sans-serif ló gbayì lórí pátákó àti àmì ìdánimọ̀ ilé iṣẹ́, ìyẹn lẹ́tà tí kò ní ìlà wẹ́wẹ́ ní orí àti ẹsẹ̀. Èmi kò bá a jà: ó mọ́ lójú, ó sì rọrùn láti kà láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n èdè Yúróòpù ni wọ́n kọ́kọ́ rò nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, bíi Helvetica tó jáde ní Switzerland ní 1957. Ǹjẹ́ wọ́n lè kọ orúkọ wa?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú méjì dán an wò. Ìkòròdú kò nira. Ì àti ò wà nínú èdè Ítálì, ú sì wà nínú ti Sípéènì, nítorí náà ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ló ní wọn. Ẹ̀pẹ́ ni ìdánwò. Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n Ẹ̀ àti ẹ́ kò ní. Fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ ni yóò gbé àmì ohùn lé lẹ́tà náà lórí. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á jẹ́ kí àmì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí lẹ́tà láti inú fọ́ǹtì mìíràn já wọ àárín ọ̀rọ̀ bí àlejò tí a kò pè.

Nígbà náà ni oníṣẹ́ á yọ gbogbo àmì dànù. Ṣùgbọ́n "Epe" láìlámì, bí a bá kà á bí a ti kọ ọ́, èpè ló sún mọ́ jù. Ta ni yóò fẹ́ ra ẹja ọjà Olúwo láti ìlú èpè?

Àwọn kan á ní olùkà ṣáà mọ ohun tí a ń wí. Àgbàlagbà mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà ńkọ́? Ohun tó rí lórí pátákó ni yóò gbà pé ó tọ́. Láti ìpàdé àkọtọ́ tó wáyé ní Èkó ní 1875 ni àmì ìsàlẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Kò yẹ kí oge pa á rẹ́.

Àtúnṣe kò wọ́n. Noto Sans ti Google àti Andika ti SIL ń kọ Ẹ̀pẹ́ dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán, kí ó tó sanwó, kí ó ní kí wọ́n kọ Ẹ̀pẹ́ fún òun ní lẹ́tà tínrín àti èyí tó nípọn, ní ńlá àti ní kékeré. Bí àmì kò bá dúró sí ààyè rẹ̀, kí wọ́n wá fọ́ǹtì mìíràn. A kì í gé ẹsẹ̀ nítorí bàtà.