Kì Í Ṣe Òtútù Ló Mú Orúnkún Ọmọ Yẹn

Bí orúnkún ọmọ ọdún 10 bá wú lójijì, tó gbóná, tí kò lè tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kíá ni wọ́n á ti ní òjò tó pa á ló fà á, òtútù ti wọ eegun rẹ̀. Irọ́ ni, irọ́ tó lè ba ọkàn ọmọ jẹ́ títí ayé sì ni. Ẹ bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 sẹ́yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀fun ló dùn ún. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Streptococcus ló wà níbẹ̀. Àwọn ajagun ara dìde sí i, ṣùgbọ́n ohun kan wà lára kòkòrò yìí tó jọ ẹran ara wa, pàápàá ti ọkàn. Bí ọlọ́dẹ òru tó rí ọmọ onílé nínú ẹ̀wù tó jọ ti olè, ajagun wá ń lu ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní ibà làkúrègbé. Bí ẹ bá fa omi inú orúnkún náà lọ yẹ̀ wò, ẹ kò ní bá kòkòrò náà níbẹ̀.

Ní ibùdó ọmọ ogun òfúrufú Warren, ní Wyoming, Amẹ́ríkà, àwọn dókítà fún nǹkan bí 800 sójà tí ọ̀fun ń dùn ní pẹnisilíìnì. Wọn kò fún nǹkan bí 800 mìíràn. Èsì rẹ̀ jáde ní 1950: ibà làkúrègbé mú 17 nínú àwọn tí kò gbà á, 2 péré nínú àwọn tó gbà á. Òtútù kan náà ló ń fẹ́ lu gbogbo wọn. Tó bá sì jẹ́ òtútù ni, kí ló dé tí àìsàn yìí fi ń pọ́n Áfíríkà lójú bẹ́ẹ̀, tó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Yúróòpù tí yìnyín ń bọ́?

Wọ́n á ní àwọn fi òrí pa á, ó sì lọ. Yóò kúkú lọ. Ìwà rẹ̀ ni pé kó fi orúnkún sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kó bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀, kó tún bọ́ sí ìgúnpá. Òrí á wá gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe, nígbà tí àpá lè máa lé lára àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn. Àwọn mìíràn á bi wá pé, bí kòkòrò kò bá sí ní orúnkún, kí ni abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì wà fún? Ọ̀fun ni a ń ṣọ́, kí kòkòrò má baà padà wá ru ajagun sókè. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀fun dídùn kì í dà báyìí, àyẹ̀wò ló sì ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ibà làkúrègbé bá ti ṣe rí gbọ́dọ̀ máa gba pẹnisilíìnì ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà bó bá ti ń fi orúnkún náà gbá bọ́ọ̀lù.