"Obìnrin kò ní ẹ̀sìn": Ta ni olùwà gbólóhùn náà?

Ayétòrò, ní ilẹ̀ Yewa, ni mo wà. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti inú gírámà ni n ó ti fà á yọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ bí ẹni ń pa òwe, tí ó sì yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀: "Obìnrin kò ní ẹ̀sìn." Àwọn mìíràn a tún máa fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé: "Ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀ ni ẹ̀sìn rẹ̀."

Mo ti gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, mo ti gbọ́ ọ níbi ìsìnkú. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ààfáà. Ohun tí ẹnu àwọn méjèèjì ń kò lé lórí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò lórí èyí. Èmi kò gbà, mo sì fẹ́ sọ ìdí tí n kò fi gbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fetí sí ara wa. Bí ọkùnrin kan bá kúrò nínú ẹ̀sìn tí wọ́n bí i sí, tí ó bọ́ sí Ìsìláàmù, ohun tí à ń wí ni pé, "Ó gba Ìsìláàmù," tàbí "Ó di Mùsùlùmí." Òun ni olùwà gbólóhùn, òun ni ó ṣe ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe wí. Bí ó bá wá kan obìnrin ńkọ́? "Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ di Mùsùlùmí." "Wọ́n ti gbà á mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́." "Wọ́n fi ìfẹ́ tàn án lọ." Obìnrin náà ti kúrò ní ipò olùwà, ó ti di àbọ̀. Ẹlòmíràn ni ó ń ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Èdè wa kọ́ ni ó kọ́ wa ní èyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní arọ́pò-orúkọ ọ̀tọ̀ fún akọ, ọ̀tọ̀ fún abo. Èdè Lárúbáwá náà sì rí bẹ́ẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. "Ó kírun, ó gbààwẹ̀, ó yọ sàká": ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin, "ó" kan náà ni. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà, ìgbàgbọ́. A lè bá ènìyàn gba ẹrù, a lè bá a gba owó oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó lè bá ẹlòmíràn gba nǹkan gbọ́? Ọkàn tí ó gbọ́ ni ó gbọdọ̀ gbà. Àwa ni a fi ojú kéré obìnrin, tí a wá ń fi èdè bò ó mọ́lẹ̀.

Àṣìṣe yìí kò sì dúró sórí ahọ́n. Bí a bá ti gbà pé ẹ̀sìn obìnrin jẹ́ ohun tí ọkọ yá a, a ó máa retí pé kí ó dá a padà. Bí ọkọ bá kú, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò ní kí ó máa bọ̀ ní ìjọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un. Bí ìgbéyàwó bá tú, àwọn tí ó ń pè é ní arábìnrin lánàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ, bóyá yóò sá lọ. Bí òun alára bá kú, ẹbí méjì yóò dìde lórí òkú rẹ̀: apá kan ń wá ẹni tí yóò kírun sí i lára, apá kejì ń wá pósí. Ohun tí olóògbé gbà gbọ́ fún ogún ọdún, kò sí ẹni tí yóò bèèrè. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí.

N kò ní í fi ọmọ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé ni mo fẹ́ mú, Hajia Aisha Lemu. Ní 1940 ni wọ́n bí i ní Poole, ìlú etí òkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bridget Honey ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ẹlẹgbẹ́ wa nínú ẹ̀kọ́ èdè ni, nítorí èdè àti ọ̀làjú ilẹ̀ Ṣáínà ni ó kọ́ ní SOAS, ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Kí ó tó kan Ìsìláàmù, ó ti yẹ ẹ̀sìn Híńdù àti ti Búdà wò. Ní 1961, ó gba Ìsìláàmù ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ fi ọdún náà sọ́kàn. Ní 1966 ni ó wá sí Nàìjíríà láti ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Lárúbáwá ní Kánò. Ní 1968 ni ó fẹ́ Sheikh Ahmed Lemu. Ẹ yọ 1961 kúrò nínú 1968. Ọdún méje ni ó fi jẹ́ Mùsùlùmí kí ó tó di ìyàwó ọkùnrin náà. Ẹ̀sìn ọkọ wo ni ó ń ṣe ní ọdún méjèèje?

Lẹ́yìn ìgbéyàwó pàápàá, kò fara pamọ́ sábẹ́ agbádá ọkọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ jùmọ̀ dá Islamic Education Trust sílẹ̀ ní 1969, èyí tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Mínnà. Ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Sókótó, ó sì tún ṣe ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Mínnà. Ó kọ ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ ìmọ̀ Ìsìláàmù. Ní 1985, ó wà lára àwọn tí ó dá FOMWAN sílẹ̀, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní Nàìjíríà, òun sì ni Àmírà àkọ́kọ́. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni àwọn ìyá ilẹ̀ Yorùbá náà ti ṣe aṣáájú. Alhaja Lateefah Okunnu, tí ó ṣe igbákejì gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1990, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó di ipò Àmírà mú lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Aisha Lemu kú ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, ó ti lo nǹkan bí ọdún méjìdínlọ́gọ́ta nínú ẹ̀sìn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé, "Òyìnbó ni, kò ní agbo ilé tí yóò pè é lẹ́jọ́." Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wá sí Ìbàdàn. Alhaja Humuani Alága kì í ṣe òyìnbó, oníṣòwò aṣọ ni, inú Ìsìláàmù ni wọ́n sì bí i sí. Nígbà tí ó rí i pé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ọmọbìnrin Mùsùlùmí lójú nítorí ẹ̀sìn, kò dúró de ọkọ ẹnikẹ́ni. Òun àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní 1958. Ní 1964, ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dá bẹ̀rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹni tí kò ní ẹ̀sìn a máa ná owó báyìí lórí ẹ̀sìn?

Ẹ̀yin ààfáà tí ẹ ń pa òwe yìí, ọ̀dọ̀ yín ni mo yíjú sí wàyí. Ẹ ṣí Àlùkùráánì sí Súrà kẹrìndínláàádọ́rin, ẹ ka ìparí rẹ̀. Ìyàwó Ànábì Nuhu àti ìyàwó Ànábì Lutu wà níbẹ̀: ilé ànábì ni wọ́n ń gbé, ẹ̀sìn ọkọ kò di tiwọn. Ìyàwó Fáráò tẹ̀ lé wọn: ilé ọ̀tá Ọlọ́run ni ó ń gbé, ó sì jẹ́ àpẹẹrẹ fún gbogbo onígbàgbọ́ òdodo, ọkùnrin àti obìnrin. Bí ẹ̀sìn ọkọ bá ni ẹ̀sìn ìyàwó, kí ni ẹ fẹ́ ṣe sí àwọn ẹsẹ wọ̀nyí?

Àwọn onítàn Ìsìláàmù kò sì dákẹ́. Khadija ni ó kọ́kọ́ gba Ànábì gbọ́. Umm Habiba bá ọkọ rẹ̀ sá lọ sí ilẹ̀ Habaṣa. Níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ròyìn, ọkọ bọ́ sí ẹ̀sìn Kírísítì, ìyàwó kò bá a lọ. Ní Mẹ̀dínà, Abu Talha fẹ́ fẹ́ Umm Sulaym. Obìnrin náà kò bèèrè sàdáàkì mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé kí ó gba Ìsìláàmù, ọkùnrin náà sì gbà á. Níbẹ̀, ẹ̀sìn ìyàwó ni ó di ẹ̀sìn ọkọ! Àwa náà tí a jẹ́ Yorùbá, a ń fi obìnrin jẹ oyè Ìyá Àdínnì ní mọ́ṣáláṣí wa. Bí obìnrin kò bá ní ẹ̀sìn, kí ni Ìyá Àdínnì ń ṣe ìyá lé lórí?

Kò tán síbẹ̀. Obìnrin tí ó bá gba Ìsìláàmù fúnra rẹ̀, a kì í jẹ́ kí ó mí. A ó yára wá ọkọ fún un, kí ẹ̀sìn rẹ̀ má baà yẹ̀, bí ẹni pé ọkọ ni òpó tí ó gbé òrùlé ìgbàgbọ́ dúró. A ó ní kí ó ju Fúnmiláyọ̀ nù, nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ burú ni ẹ̀sìn ní kí a pààrọ̀. A ó sọ fún un pé kí ó jìnnà sí ìyá rẹ̀ tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá Asma, ọmọ Abu Bakr, wá kí ọmọ rẹ̀, tí ìyá náà kò sì tíì gba Ìsìláàmù, Ànábì ní kí Asma ṣe dáadáa sí ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọ kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, láti ibòmíràn ni ó ti mú un wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ọ̀nà tirẹ̀ kò túmọ̀ sí ẹ̀sìn tí ó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìrun márùn-ún ni ìrun márùn-ún, Ramadan ni Ramadan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Ayétòrò a kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn kí ó tó kírun, ẹni tí ó wà ní Íńdíà a kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Mẹ́kà kan náà ni wọ́n ń kọjú sí. Ibi tí olúkúlùkù dúró sí ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó ti ṣọ́ọ̀ṣì wá kò dúró síbi tí ọmọ Lèmọ́mù dúró sí. Bí yóò ti kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ti kọ́ ọ, iṣẹ́ tí yóò fi sin Ọlọ́run rẹ̀, bí yóò ti bá ìyá àti bàbá rẹ̀ gbé: ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni yóò fi rìn ín.

Ẹ̀yin òbí onígbàgbọ́ náà, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Ẹ ń sunkún pé ọmọ yín ti lọ sí ilẹ̀ àjèjì. Ẹ wo inú Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀: àdúrà, ìwàásù, àlùfáà, wòlíì, kèfèrí, àlàáfíà. Àwọn Mùsùlùmí ìhà òkè ni ó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ wa, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá láti ìpìlẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ fi wọ́n sí i lẹ́nu nígbà tí ó wà ní kékeré. Ẹ lè ṣàì fara mọ́ ohun tí ó yàn. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé wọ́n jí i gbé. Abala kejìdínlógójì nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti pààrọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀, kò ní "àfi obìnrin."

Ó sì yẹ kí èyí yé àwa ará ilẹ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pè wá tẹ́lẹ̀. Ní 1995 a gba Yewa, orúkọ odò wa, nítorí a gbà pé ẹni tí ó ni ara rẹ̀ ni í sọ bí a ó ti máa pe òun. Ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ilẹ̀ wa pẹ̀lú, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń gbé ère sórí jó láti fi ṣe àpọ́nlé àwọn ìyá wa. Ẹni tí ó bá júbà ìyá ní òru Ẹ̀fẹ̀, tí ó wá wí ní òwúrọ̀ pé obìnrin kò ní ẹ̀sìn, ẹnu rẹ̀ ti tako ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lóòótọ́, obìnrin wà tí ó bá ọkọ rẹ̀ lọ nítorí kí ilé lè tòrò, kí àwọn ọmọ má baà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. N kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn kan ṣe kò di òfin fún gbogbo obìnrin, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ wọn pa ìtàn ẹni tí ó yan tirẹ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, iṣẹ́ tí mo rán yín kò le. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń wí pé ọkọ lágbájá sọ ọ́ di Mùsùlùmí, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni olùwà?" Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ bi obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí ó ti gba ẹ̀sìn náà, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ bi í.