Ẹ gba ṣakabùlà lọ́wọ́ Àmọ̀tẹ́kùn

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín àwòrán ọ̀bẹ ogun kiri pé irú ẹ̀ ló yẹ kí Àmọ̀tẹ́kùn ní. Ta ló ń lọ oko ní Ìdànrè tí kò mú àdá dání? Ẹ fi ti ọ̀bẹ sílẹ̀ jàre. Ìbọn lọ̀rọ̀ wà.

Ṣakabùlà gùn, ẹ̀ka igi kòkó sì rẹlẹ̀. Ṣe ni á máa há. Ẹ ó ro ẹ̀tù, ẹ ó kì í, ẹ ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Tí òjò bá wá pa ẹ̀tù ńkọ́? Ajínigbé tó ní ọgbọ̀n ọta nínú AK-47 ẹ̀ ò ní dúró dè yín o. Pump-action sàn díẹ̀, àmọ́ ọta ẹ̀ kì í lọ jìnnà.

Ìbọn kúkúrú ló bá igbó wa mu, irú AKMS tí wọ́n máa ń ká ìdí ẹ̀ mọ́ abẹ́.

Lẹ́yìn ìpànìyàn ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis l'Ọ́wọ̀, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, Aketi bèèrè ìdí tí fijilanté Katsina fi ń kọ́ AK-47 tí tiwa ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Abuja ní kò sí ìpínlẹ̀ tó láṣẹ ẹ̀. Òfin ìbọn 1959 ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn Aketi ni mo wà. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìbọn ní nọ́ńbà, kí wọ́n ka ọta nígbà tí wọ́n bá ń lọ àti nígbà tí wọ́n bá dé. Àwa ọ̀dọ́ la máa ń pàdé ẹnu ìbọn lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, a ò sì tíì gbàgbé SARS.