Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Bí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux bá kọ̀ tí kò tàn dáadáa, ìmọ̀ràn tí à ń kọ́kọ́ gba ara wa ni pé ká gbé e lọ fún ẹnjiníà kó fọ́máàtì rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn, pàápàá fún àwa tí a wà lọ́dún ìkẹyìn. Ohùn àwọn àgbà Iléṣà tí a gbà sílẹ̀ fún àpilẹ̀kọ ló wà níbẹ̀. Àgbà tó pe ilé ní "ulé" fún wa lọ́dún yìí lè má sí mọ́ tí a bá padà lọ lẹ́ẹ̀mìíràn. Fọ́máàtì á mú kí kọ̀ǹpútà tàn, á sì gbé ohùn wọn lọ.

Ìpele ìpele ni kọ̀ǹpútà fi ń jí. UEFI á kọ́kọ́ yẹ ara ẹ̀rọ wò, á wá pe GRUB. GRUB á gbé kernel wọlé. Kernel á ṣí dísìkì, á sì fa iṣẹ́ lé systemd lọ́wọ́. Ibi tó bá dúró sí ló ń sọ ibi tó ń dùn ún. Bí "grub rescue" bá yọ, GRUB kò rí fáìlì tirẹ̀ ni. Iṣẹ́ yín lè wà níbẹ̀ láìléwu. Bí "initramfs" bá yọ lẹ́yìn tí iná lọ lójijì ní Òṣogbo níbí, kernel ti jí, àmọ́ kò rí dísìkì ṣí. Fsck sábà máa ń tún irú rẹ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ kernel tuntun ló ń yọnu, ẹ yan ti àtijọ́ lábẹ́ "Advanced options" nínú ohun tí GRUB tò sílẹ̀.

Kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe, ẹ kó ẹrù jáde ná. Ẹ fi fílááṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà náà láìfi Ubuntu tuntun sí i, kí ẹ da fáìlì yín kọ síbòmíràn.

Ẹlòmíràn á ní èdè la wá kọ́, a ò wá kọ́ ẹ̀rọ. Òótọ́ ni, ẹnjiníà náà sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa gan-an ni ká gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ká tó túmọ̀ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi han ẹnjiníà, kí ẹ sì sọ fún un pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kó ohùn wọ̀nyí jáde ná."