Ẹ fẹsẹ̀ rin Adó kí ẹ tó lọ ya fọ́tò ní Venice

 

Gbogbo ẹni tó bá dé ìlú olómi lókè òkun ló ń gbé fọ́tò síbí: Venice, Amsterdam, afárá kékeré, ọkọ̀ ojú omi. Ó dáa, ẹ kú ìgbádùn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn ni. Ní Venice, títì mọ́tò tán sí Piazzale Roma. Tó o bá kọjá ibẹ̀, àfi kó o wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí kó o máa fẹsẹ̀ gba orí afárá. Afárá ibẹ̀ sì lé ní 400.

Ẹni tó sanwó fíìsà àti bàálù lọ rin ìrìn yẹn, tó bá dé Adó, ọ̀kadà ló máa gùn láti Òkè-Ìlá lọ sí Ọjà Ọba.

Èrò tèmi rèé: ìlú olómi ni Adó náà, àwa la ò fẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ orúkọ àdúgbò wa ná: Òkè-Ìlá, Òkèṣà. Christ's School gan-an, orí òkè Agidimo ló wà. Níbi tí òkè bá pọ̀ báyìí, ṣebí omi gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn? Ó sì wà: Àjílósùn, Ureje, Elemi. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń gun ọ̀kadà kọjá lórí wọn. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ ti kọjá.

Ẹ sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan. Ẹ gba Ọjà Ọba, lẹ́bàá ààfin Ẹwí, kẹ́ ẹ wá kọrí sí Àjílósùn. Ẹ máa rí ọ̀rá píọ́wọ́tà, àwo jíjẹ, bàtà aláìlẹ́nìkejì. Ẹ ó tún rí i pé omi ṣì ń ṣàn lábẹ́ gbogbo ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá béèrè pé kí lèyí, wọ́n á ní, "Gọ́tà ni." Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí. Ọjọ́ téèyàn bá ti pe odò ní gọ́tà, kò sóhun tí kò ní lè jù sí i mọ́.

Àwọn kan ní ká kúkú bò ó, ká fi ṣe títì àti ṣọ́ọ̀bù. Èkó ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ìjọba òyìnbó gbẹ́ MacGregor Canal láàárín Èkó àti Ìkòyí. Nígbà tó yá, wọ́n dí i, wọ́n kọ́ nǹkan lé e. Mélòó nínú yín ló mọ̀ pé omi ti kọjá níbẹ̀ rí?

Ìlú Utrecht ní Netherlands náà ṣe é. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n gbẹ omi apá kan Catharijnesingel, ara odò àtọwọ́dá tó yí àárín ìlú náà ká, wọ́n sọ ọ́ di títì ńlá. Ní 2002, ará ìlú dìbò pé àwọn fẹ́ omi àwọn padà. Ní 2020, omi padà, ọkọ̀ ojú omi padà. Ẹ wo iye ọdún àti owó tí wọ́n fi tún ohun tí wọ́n bàjẹ́ ṣe!

Ẹ má sọ pé òyìnbó nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe o. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ ìwé UNESCO ní 2005. Odò àti igi ni, wọn ò sì da kọnkéré bò ó. Àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá síbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó bílíọ̀nù: ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ létí Àjílósùn, igi tó lè ṣíji bo èèyàn, ibi tá a máa da ilẹ̀ sí, àti pátákó tí wọ́n kọ orúkọ odò sí lórí afárá kọ̀ọ̀kan. Ti pátákó yẹn gan-an ló jẹ mí lógún jù. Ohun tó lórúkọ ṣòroó sọ di ààtàn.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun ẹ̀ á gbẹ. Ti Adó yàtọ̀ jàre: odò ò gbàgbé wa, àwa la gbàgbé odò. Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ lọ kí i, kó tó wá kí wa nínú yàrá lásìkò òjò.